Kí ló dé tí oògùn tó ti ń ran jẹjẹrẹ kò fi ràn án mọ́?

Ọmọ Kabba: Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń tọ́jú lára ìyá mi. Kókó abẹ́ abíyá rẹ̀, tó tó ẹyin adìyẹ, kọ́kọ́ ń kéré títí ó fi kù bí ẹyọ ẹ̀wà kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ó tún ń wú, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà ni wọ́n ń fà sí i lára, kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ. Àwọn ará ilé ní ọbẹ̀ ẹja tó jẹ ló ba oògùn jẹ́. Mo kà pé exosome lè wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni?

Apoògùn Ìsánlú: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, arábìnrin. Ọbẹ̀ ẹja kọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Exosome jẹ́ àpò róbótó tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síta; ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 30 sí 150 nanometer, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nanometer ló wà nínú mìlímítà kan. Láti 1983 tí wọ́n ti rí i lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò tíì gbó, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé ìdọ̀tí lásán ni sẹ́ẹ̀lì ń kó dànù. Àṣé àrokò ni. Sẹ́ẹ̀lì tí oògùn kò ràn mọ́ lè di P-glycoprotein sínú àpò yìí, kí ó fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ tí oògùn ṣì ń pa. Iṣẹ́ P-glycoprotein ni pé bí oògùn bíi doxorubicin tàbí paclitaxel bá wọlé, yóò tì í jáde. Ẹni tó gba àrokò náà yóò máa lé oògùn jáde bákan náà, láìjẹ́ pé jíìnì tirẹ̀ yí padà rárá. Ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀pà: Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Bí HER2, ìyẹn purotéènì kan tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì, bá pọ̀ lára jẹjẹrẹ màmá, tí wọ́n sì ń fún wọn ní trastuzumab, oògùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ HER2, exosome tó gbé HER2 dání lè gba oògùn náà sọ́dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó má sì dé ara sẹ́ẹ̀lì tí a torí rẹ̀ fún wọn. Inú ilé àyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí wọ̀nyí ti wá, kò sì tíì sí oògùn tí ilé ìwòsàn ń lò láti dí exosome lọ́nà. Ẹ má ra àgbo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní in. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè pààrọ̀ oògùn.

Ọmọ Kabba: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ìbéèrè HER2 yẹn sílẹ̀ de Ọjọ́bọ̀. Mo ka ibi ọbẹ̀ ẹja fún màmá. Wọ́n ní kí n se é fún àwọn lálẹ́ yìí.