Bíà irú ti Bẹ́ljíọ̀m tí mò ń pọn kò hó mọ́: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin àgbà nídìí ọtí pípọn, mo kí yín o. Ìlú Leeds ni mò ń gbé, mo sì ra páálí èlò ìpọntí kan láti fi pọn bíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ irú ti Bẹ́ljíọ̀m, lítà 23. Lọ́jọ́ tí mo da ìwúkàrà sí i, hydrometer (ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà inú ọtí ṣe pọ̀ tó hàn; òǹkà rẹ̀ máa ń wálẹ̀ bí ṣúgà ṣe ń di ọtí) ka 1.044; ó hó gidigidi fún ọjọ́ mẹ́ta, ìfófòó bo ojú rẹ̀, ó sì ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti kànáfùrù, èyí tó dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí òórùn tí a mọ ìwúkàrà Bẹ́ljíọ̀m mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹfà ló ti dúró sí 1.020, nígbà tí mo ń retí kó sún mọ́ 1.010. Yàrá náà tutù, nǹkan bíi 16°C. Ṣé kí n gbé e síbi tó móoru, kí n rò ó jẹ́jẹ́ kí ìwúkàrà tó ti sùn lè jí, àbí kí n fi ìwúkàrà tuntun kún un? Mi ò fẹ́ kánjú rọ ọ́ sí ìgò, torí bí ṣúgà bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ìgò lè bẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.