Ìgò Oníkókó Mẹ́ta

Wọ́n ní kí olúkúlùkù wa kọ̀wé nípa irú ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́. Mo ti fara balẹ̀ ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀ nípa ìyá wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ látorí àánú àti sùúrù tí ìyá náà ní. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé ẹ̀rí ikú tí a lọ gbà lẹ́yìn tí màmá mi kú, nítorí ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé àwa ọmọ tí wọ́n bí kò lè sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Akọ̀wé béèrè orúkọ, ọjọ́ orí àti ibi tí wọ́n kú sí, a sì dá a lóhùn. Nígbà tó béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni màmá ń ṣe?" ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó fèsì pé, "Wọn kì í ṣiṣẹ́. Ìyàwó ilé ni wọ́n." Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ o. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Láti kékeré wa, "oko bàbá" ni à ń pe ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọn a kọ ebè tán, wọn a gé igi tó bá dí wa lọ́nà, lẹ́yìn náà wọn a wá iṣẹ́ owó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì di ìgbà ìkórè kí á tó tún fojú kàn wọ́n. Láàárín méjì yẹn, ta ló ń gbìn, ta ló ń ro, ta ló ń lé ẹyẹ, ta ló ń yan irúgbìn tọdún tó ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ irúgbìn yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Nígbà tí àgbàdo bá ṣì wà lórí ìdúró, màmá mi a rìn lọ sí àárín oko, wọn kì í mú lára èyí tó wà létí ààlà, nítorí pé afẹ́fẹ́ lè ti gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo ẹlòmíràn wá bà lé e. Wọn a so okùn mọ́ àwọn tó dára jù lọ kí ọwọ́ ọmọdé má baà kàn wọ́n. Bí wọ́n bá ká a tán, hóró tó wà láàárín nìkan ni wọ́n ń yọ, wọn a fi ti orí àti ti ìdí sílẹ̀ fún jíjẹ. Wọn a sá a fún ọjọ́ púpọ̀, wọn a sì fi eyín dán an wò: bí hóró náà bá fọ́ lójijì, ó ti gbẹ, bí eyín bá rì sínú rẹ̀, ó padà sínú oòrùn nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pò ó mọ́ eérú tí wọ́n ti jọ̀, nítorí pé eérú a máa gba omi ara kòkòrò títí yóò fi kú, wọn a sì dé e mọ́ inú ìgò pinpin. Wọn kò mọ̀wé kọ, nítorí náà okùn ni wọ́n ń so mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, wọn a ta kókó kan, méjì tàbí mẹ́ta sí i. Àwọn nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọdún kan wà tí òjò dáwọ́ dúró láìtọ́jọ́. Ọmọ ọdún 9 ni mí, ebi sì ń pa wá gan-an, síbẹ̀ àwọn ìgò náà wà lórí àjà, màmá mi kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo bínú sí wọn débi pé mo rò pé wọ́n fẹ́ràn irúgbìn ju wa lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gun àga, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sì jẹ ẹ́ tòun ti eérú ara rẹ̀. Wọ́n mọ̀. Wọn kò nà mí, wọn kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òjò dé tí a ń gbìn, olúkúlùkù ọmọ ló ní ìlà ebè tirẹ̀. Wọ́n gbin ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbin ti àbúrò mi, wọ́n dé orí tèmi, wọ́n gbọn ọwọ́ wọn nù, wọ́n ní, "O ti jẹ tìrẹ." Ìlà mi ṣófo títí ọdún náà fi parí. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé wọn kò jẹ́ kí igbó kún un. Bí wọ́n ṣe ń ro ti àwọn yòókù ni wọ́n ń ro tèmi tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sí ilé ìwé tó jìnnà, wọ́n ń gbin ìlà yẹn lọ́dọọdún, "ìlà rẹ" ni wọ́n sì ń pè é bí mo bá wá sílé. Lákòókò ìsinmi kan mo fi ìmọ̀ mi yangàn díẹ̀: mo ṣàlàyé fún wọn pé kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá fún ohun ọ̀gbìn bí oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń ṣe ilẹ̀ lóore. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé kí ẹ má hú u, pé kí ẹ gé e nílẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ lè kù síbẹ̀?" Wọn kò sọ ọ́ fún wa.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí akọ̀wé dúró ná. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ní ọdún 2011, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè kọ ọ́ sínú ìwé pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, nǹkan bí 43 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko ló jẹ́ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé àwọn yẹn mọ màmá ni?" N kò lè fèsì, nítorí pé èmi tí mo mọ màmá kò pè wọ́n ní àgbẹ̀ rí nígbà tí wọ́n wà láàyè. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá sọrí àwọn obìnrin ìgbèríko káàkiri ayé, mo sì mọ̀ nípa rẹ̀, síbẹ̀ n kò pe màmá kí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí akọ̀wé, wọ́n ní, "Ẹ kọ àgbẹ̀ síbẹ̀."

Nígbà tí a padà délé, a gbé àwọn ìgò náà sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà. Mẹ́ta ni wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ kókó ara wọn nínú wa, a kò sì bi màmá rí, nítorí náà a gbìn wọ́n kí á lè mọ̀. Oníkókó kan ni àgbàdo tó ń tètè gbó, oníkókó méjì ni èyí tó ń pẹ́. Ti oníkókó mẹ́ta kò hù rárá ní ìlà tí a gbìn ín sí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń ro ìlà náà báyìí, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìyókù sínú ìgò títí n ó fi dé.