Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ èrò tirẹ̀: ìrírí wa pẹ̀lú àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì

Olùkọ́ kíláàsì kejì:
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan nǹkan àyẹ̀wò kí ó tó sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó bá ti lanu sọ èrò rẹ̀ kì í gbójú kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ti ohun tó ń rì àti ohun tó ń léfòó. Mo bu omi sínú abọ́ ńlá, mo bi wọ́n pé irú nǹkan wo ló máa ń rì. Ìdáhùn kan náà ni mo sábà máa ń gbọ́: "Èyí tó wúwo, Ma." Mo wá gbé gẹdú kékeré kan lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìṣó kan ṣoṣo. Gbogbo wọn gbà pé gẹdú ló wúwo jù. Nígbà tí gẹdú léfòó tí ìṣó rì, ariwo sọ!

Amọ̀ ìṣeré ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọbìnrin kan rọ tirẹ̀ róbótó, ó rì. Mo ní kó wá ọ̀nà tí yóò fi léfòó láìfi kún un, láìbù nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó tún rì. Ó rò ó títí, ó wá ká etí rẹ̀ sókè bí ọkọ̀ ojú omi, amọ̀ náà sì dúró lórí omi. Ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ni o, òun ló kígbe pé: "Ó ti gba àyè púpọ̀ nínú omi!" Ohun tí Archimedes, onímọ̀ ọmọ Gíríìkì, ti ṣàlàyé láti ayé àtijọ́ nìyẹn: agbára tí omi fi ń ti nǹkan sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan náà sún kúrò. Ọkọ̀ amọ̀ ń sún omi tó pọ̀ ju ti amọ̀ róbótó lọ. N kò dárúkọ Archimedes fún wọn. Ohun tí ojú wọn rí ti tó wọn ní ọjọ́ orí yẹn.

Òbí kan:
Ẹ ṣé gan-an, Ma. Nílé lèmi ti ń ṣe tèmi pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo rún bébà mọ́ ìdí ife, mo dojú ife dé, mo sì tì í wọ inú omi ní òòró gangan. Ó ní dandan ni kí bébà tutù. Nígbà tó fọwọ́ kàn án tó rí i pé ó gbẹ, ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe, ó wá dẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fúnra rẹ̀. Omi ń hó gùlù-gùlù, bébà tutù. "Nǹkan kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀!" Inú mi dùn pé òun ló rí afẹ́fẹ́ yẹn, èmi kọ́ ni mo sọ fún un.

Olùkọ́ kíláàsì kìíní:
Àwọn tèmi kò tíì mọ̀wé kọ dáadáa, nítorí náà yíyà ni wọ́n máa ń ya èrò wọn. A fi irúgbìn ẹ̀wà sínú òwú tútù nínú ife tó mọ́ gaara. Nígbà tó ti hu gbòǹgbò, a dá ife náà dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ya gbòǹgbò tó ń lọ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò pẹ́ tí gbòǹgbò fi tẹ̀, tó sì dorí kọ ilẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ní kí a tún ife náà yí sí ọ̀nà mìíràn.

Olùkọ́ kíláàsì kejì:
Ti yíyà yẹn dára púpọ̀, Sà, mo máa lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti òòfà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bóyá yóò fa wáyà bàbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé gbogbo ohun tó ń dán ni òòfà ń fà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, òòfà ńlá tí ọmọ kò lè gbé mì ni kí ẹ lò. Bí ọmọ bá gbé òòfà kékeré méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun kí wọ́n sì dá ihò sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá sọ pé ibì kankan ń dun òun.