Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìbọn tí mo fẹ́ fi ta àbúrò mi lọ́rẹ di ọ̀rọ̀ owó orí àti àyẹ̀wò

Ará Houston: Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọnú eegun. Láti ìgbà tí àwọn adigunjalè ti wọ ilé epo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n fi ìdí ìbọn gbá ẹnìkejì mi lójú títí ojú rẹ̀ fi wú pa, ni mo ti ra ìbọn pélébé kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n yẹ̀ mí wò bóyá mo ti dáràn rí, kò sí màgòmágó nínú rẹ̀. Ní báyìí tí mo ti fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, mo fẹ́ gbé e fún àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, nítorí pé àdúgbò rẹ̀ kò fara rọ. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan pé kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà sì wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni pé mo jí i gbé. Ó ní màá san owó iṣẹ́, àbúrò mi yóò san tirẹ̀ níbi tí yóò ti gbà á, wọn yóò sì tún yẹ òun náà wò. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní owó orí dọ́là 200 tún ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀bùn ni, n kò tà á! Ṣebí wọ́n ní ní Texas, ẹni méjì lè gba ìbọn lọ́wọ́ ara wọn láìsí àyẹ̀wò?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìpínlẹ̀ wo ni àbúrò yín ń gbé? Òótọ́ ni pé bí ẹni méjì bá jọ ń gbé ní Texas, òfin kò fi dandan mú àyẹ̀wò, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń gbé ìbọn sílẹ̀ kò bá mọ ohunkóhun tó sọ gbígbà á di èèwọ̀ fún ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ̀bùn ni o, títà ni o, ọwọ́ oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ọmọ Ọdẹ: Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn ṣakabùlà wọn ró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rò pé ogún ni bí agbádá. Kò mọ̀ pé orúkọ bàbá nìkan ni ó wà nínú ìwé àṣẹ náà. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bi í léèrè ìwé, ìyá wa kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Akọ̀wé Owó: Ẹni tó sọ ti dọ́là 200 ṣì yín lọ́nà. Òfin ọdún 1934 ni ó fi owó yẹn lé ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú àti ohun èlò tó ń pa ariwo ìbọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ti ìbọn arọ̀jò-ọta àti àwọn ohun ìjà abúgbàù ni ó ṣì wà ní 200. Ti ohun èlò apariwo àti ìbọn agékúrú ti di òdo. Ìbọn pélébé lásán kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ará California: Ẹ má tan ènìyàn jẹ. Níbí yìí, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ìbọn láti oṣù keje ọdún 2024.

Akọ̀wé Owó: Ẹ̀gbọ́n, orí ohun tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ bá tà ni ìyẹn wà, kò kan ohun tí aládàáni méjì gbé fún ara wọn, California kọ́ sì ni ìbéèrè wà. Owó iṣẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù bèèrè, kì í ṣe owó orí.

Ará Houston: Baltimore ni ó wà. N kò mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan kan ni n kò ṣe kọ ọ́. Ọmọ ìyá mi ṣáà ni.

Ìyá Ìbejì: Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ní Maryland, ìpínlẹ̀ tí Baltimore wà, kí ènìyàn tó gba ìbọn pélébé, ó gbọ́dọ̀ ti ní ìwé ìyege tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ń fúnni, èyí tó ń béèrè ìtẹ̀ka àti ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin, lẹ́yìn náà yóò dúró fún ọjọ́ méje.

Ará Houston: Wákàtí mẹ́rin! Ọmọ tó dé láti Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, tí ìwé kíkà kò jẹ́ kó sùn, níbo ni yóò ti rí àyè?

Akọ̀wé Owó: Ẹ dúró ná. Físà wo ni ó fi wọlé?

Ará Houston: Físà akẹ́kọ̀ọ́. Kí ni físà ní í ṣe pẹ̀lú ìbọn?

Akọ̀wé Owó: Òun ni ó ní í ṣe jù. Òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ bíi kí ó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé e fún un pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 15, wọ́n sì lè lé òun náà kúrò nílùú. Ẹni tí òfin àpapọ̀ bá gbà láàyè láti ní ìbọn, bí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí láé, ni ọ̀rọ̀ ìwé ìyege tí Ìyá Ìbejì sọ kàn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìbọn náà wà báyìí?

Ará Houston: Ó wà nínú àpótí onírin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ti fẹ́ wakọ̀ gbé e lọ bá a, nítorí owó ṣọ́ọ̀bù yẹn bí mi nínú. Mo ti pè é pé n kò bọ̀ mọ́.