Ẹ̀gbà ọwọ́ láti Ítálì: ṣé àlòkù ni àbí onísáà?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mo ní n ò ní dá sí i, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan pe ẹ̀gbà náà ní "àlòkù" tí ara mi ò gbà á mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ń túmọ̀ ìwé ọjà fún oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ oníwúrà ni wọ́n fẹ́ tà, Ítálì ni wọ́n ti ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1970, òkúta aláràbarà sì wà lára rẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí òun máa pe "vintage", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun ìgbà kan tó ti pẹ́ tó sì níyì. Àlòkù, ògbólógbòó, àjogúnbá àti àtijọ́ ni ẹ ti kó kalẹ̀ fún un.

Kí n kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbà kúrò lọ́nà. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni, ó tán. Ẹni tó ní ká pè é ní ìdè, ẹ jọ̀ọ́, ìdè ti níṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ Ifá. Àwọn onífá Kúbà pàápàá ṣì ń pe ti Ifá yẹn ní idé títí dòní. Júfù náà dùn létí, mo rántí èyí tí wọ́n fi sí Rèbékà lọ́wọ́ nídìí kànga, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè júfù lọ́jà kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní mú yín dé ìsọ̀ aṣọ.

Ó wá ku àlòkù. Fíríìjì ni àlòkù, bàtà ni àlòkù. Torí pé ẹnì kan ti lò ó lowó rẹ̀ fi wálẹ̀. Pípẹ́ tí ẹ̀gbà yìí pẹ́ ló ń gbówó lé e, ó sì lè jẹ́ pé inú àpótí ló wà látọjọ́ yìí tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Ògbólógbòó ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tó máa ń tẹ̀lé e lẹ́nu wa: olè. Àjogúnbá, ó di dandan kẹ́nì kan kú kí ọjà tó tà. Àtijọ́ nìkan ló fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ àtijọ́ ò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ̀gbà tí ìdílé Castellani rọ ní Róòmù láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi ń ṣàfarawé wúrà àwọn Etruscan, ẹ̀yà kan tó gbé ilẹ̀ Ítálì nígbà láéláé, àtijọ́ nìyẹn. Ṣé ti 1970 náà ni a ó kó mọ́ ọn? Àwọn tó ń ta á kì í pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu àwọn tó ṣe é. Àwọn ará Ítálì máa ń ní "d'epoca", ìyẹn ni pé ti sáà kan ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn onímọtí wáìnì ló ti wá: ọdún tí wọ́n ká àjàrà ni wọ́n fi ń mọ ìgò kan yàtọ̀ sí òmíràn. Nínú méjèèjì, ìgbà tí nǹkan náà wáyé ló ń fún un níyì. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pè é ní *onísáà*: ẹ̀gbà onísáà, aṣọ onísáà, ọkọ̀ onísáà. Ẹ ó sọ pé sáà ń ránni létí ilé ìwé àti gómìnà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sáà wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀gbà yìí.

Sáà náà kì í sì í ṣe àfẹnusọ lásán. Ìyàwó mi ní irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ kan. Mo fi fóònù ya ìkọ́ rẹ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan, àfìgbà tí mo lọ yá awò oníṣẹ́ aago àdúgbò wa. Òǹtẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan ò tó ìdajì hóró ìrẹsì. 750 wà nínú ọ̀kan: nínú ìdá ẹgbẹ̀rún, 750 jẹ́ wúrà, ohun tí àwa ń pè ní kárátì 18. Ìràwọ̀ kékeré kan, nọ́ńbà àti AL wà nínú èkejì. Òfin Ítálì ọdún 1968 ló mú òǹtẹ̀ oníràwọ̀ yìí wá. Nọ́ńbà ló dúró fún iléeṣẹ́ tó ṣe é, lẹ́tà méjì sì ni ìpínlẹ̀ rẹ̀: AR ni Arezzo, VI ni Vicenza, AL ni Alessandria, níbi tí Valenza wà, ìlú tó kún fún alágbẹ̀dẹ wúrà. Bí ẹ bá rí 1 AR, iléeṣẹ́ Uno A Erre nìyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ ní Arezzo lọ́dún 1926. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń ka 1 AR nìyẹn; òǹtẹ̀ rẹ̀ ló sọ di orúkọ.

Mi ò sì gba "aṣẹ̀gbà" tí ẹnì kan hun lálẹ́ àná fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbà. Kì í ṣe ọwọ́ kan ló ń ṣe é. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń gé òkúta, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń rọ wúrà, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń fi òkúta sí i. Ti ẹni ìkẹyìn yìí, ẹ má pè é ní lílẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Á gbé òkúta sínú ihò rẹ̀, á wá fi irin tẹ etí wúrà bò ó díẹ̀díẹ̀ yípo. Wúrà gbá a mọ́ra ni, mo sì rò pé gbígbámọ́ra tó fún orúkọ iṣẹ́ náà.

Ó ku orúkọ òkúta tí wọn ò gé ojú sí lára, tó kàn rí roboto lókè. Iléeṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ Bulgari, tí Sotirio, alágbẹ̀dẹ fàdákà ará Gíríìsì, dá sílẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1884, ló sọ irú rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín 1950 sí 1970, nígbà tí wọ́n pa àṣà dáyámọ́ńdì funfun àwọn ará Faransé tì. Orúkọ Faransé rẹ̀, cabochon, inú ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ orí ló ti jáde. Mo dábàá òkúta apárí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ mú èyí tó sàn jù wá.

Iyùn kì í ṣe òkúta o, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn òkúta tí ẹ tò fún àbúrò wa. Eegun ẹ̀dá inú òkun ni. Torre del Greco nítòsí Naples ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ láti ìgbà pípẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé ọrùn àwọn ọba àti ìyàwó tiwa.

Nítorí náà, àbúrò, kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbà ọwọ́ onísáà, wúrà kárátì 18, tó gbá òkúta apárí mọ́ra, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ilẹ̀ Ítálì." Ṣùgbọ́n kó o tó fi 1970 sí i, ní kí oníṣòwò yẹn ya fọ́tò ìkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìràwọ̀ ò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé a ò tíì mọ sáà tí à ń sọ.