Ẹ bá mi di àgbà lọ́wọ́ mú: ìrírí wa lórí ìtọ́jú pàjáwìrì

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù gbà á. Ní àdúgbò wa, lẹ́bàá ọjà Wàǹdò, kò sẹ́ni tí kò mọ kpayo, bẹntiróò fàyàwọ́. Inú ike omi ni wọ́n ń bu bẹntiróò yẹn sí, ọmọdé ò sì mọ èyí tó jẹ́ omi. Ọmọ ọmọ aládùúgbò mi gbé e, ó mu ún. Kí n tó dé ibẹ̀, ìyá àgbà ti gbé epo pupa dání, wọ́n ní ká rọ ọ́ fún un kó lè bì.

Mo kúnlẹ̀, nítorí a kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó bì." Nígbà tí mo kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ àwọn Àgbélébùú Pupa, wọ́n ṣàlàyé fún wa pé bẹntiróò tó wà nínú ikùn kò léwu tó èyí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà tí ọmọ bá ń bì ló máa ń yà sí ọ̀nà èémí. Epo àti wàrà ò ní ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n rú u sókè lọ.

A bọ́ aṣọ rẹ̀ tó ti rin, a fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, a gbé e jókòó. Mo ní kí ẹni tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé iná ẹ̀ jìnnà. Ẹnì kan fẹ́ pe 118, àwọn panápaná, ṣùgbọ́n zẹm, alùpùpù akérò, ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òun la gùn lọ sílé ìwòsàn. Mo mú ike náà dání kí dókítà lè fojú ara ẹ̀ rí ohun tí ọmọ mu. Wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n ń ṣọ́ ikọ́ àti bó ṣe ń mí. Ó ti ń sáré kiri báyìí. Ìyá àgbà ṣì ń sọ pé epo ni ì bá tètè yanjú ẹ̀.

Ọmọ Kétu

Tàǹtí, okùn ni tèmi. Paramọ́lẹ̀ bu ẹ̀gbọ́n mi jẹ lẹ́sẹ̀ lóko àgbàdo. Bàbá ti ń wá okùn tí wọ́n máa fi dì í le dan-in, ẹnì kan sì ti yọ abẹ. Tí okùn bá sé oró irú ejò bẹ́ẹ̀ mọ́ ojú kan, ẹran ibẹ̀ ló máa bà jẹ́. Abẹ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tí ò fẹ́ dá ló máa dá kún.

Mo gba okùn náà, mo fi so igi méjì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà mì, mo sì so ó kí ìka lè kọjá lábẹ́ ẹ̀. Bàbá rí okùn wọn lẹ́sẹ̀ ọmọ wọn, ọkàn wọn balẹ̀. A bọ́ bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú, a ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ lọ wá ejò náà nínú igbó, a pè é padà.

Ará Sábẹ

Alùpùpù gbá ajá mi. Ajá tí ara ń ta kì í mọ olówó ẹ̀: ọmọ àbúrò mi sáré lọ fọwọ́ pa á lórí, ajá gé e jẹ lọ́wọ́. Mo fi ọ̀já di ẹnu ajá náà, mo so ó sẹ́yìn etí. (Tó bá ń bì tàbí tí kò rí èémí mí, ẹ má dì í lẹ́nu o.) Mo fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ itan rẹ̀. Nígbà tí aṣọ rin, mi ò ṣí i, òmíràn ni mo gbé lé e. Orí pákó la fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ ọmọ ló bà mí lẹ́rù. Dìgbòlugi, tí àmì ẹ̀ bá ti jáde lára èèyàn, ó ṣòro kéèyàn yè é. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi fọ ojú eyín fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá mi ti ń lọ ata tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Mo ní kí wọ́n fi se ọbẹ̀.