Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: PDMS mi kò gbẹ níbi tó ti kan móòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Akúrẹ́ ni mo wà, iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ fi PDMS, ìyẹn rọ́bà sílíkónì tó máa ń ṣàn kó tó le, ṣe ojú ọ̀nà omi tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 200 µm lọ, bí ìgbà tí èèyàn to irun orí mélòó kan pọ̀, ká lè fi ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yẹ omi kànga wò.

Agbára mi ò ká SU-8 àti wáfà sílíkọ́nì tí wọ́n sábà fi ń ṣe móòdù (ohun tí a ń da PDMS lé kó lè mú ìrísí rẹ̀), ni mo bá fi ẹ̀rọ 3D tó ń lo resin, oje tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le, tẹ móòdù tèmi. Mo po PDMS pọ̀ mọ́ èròjà tó ń mú un le ní 10 sí 1, mo fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo yan án ní 65°C fún wákàtí 4. Òkè rẹ̀ le, ó mọ́ gaara bí jígí. Àmọ́ ìsàlẹ̀ tó kan móòdù ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè. Nígbà tí mo ṣí i, ojú ọ̀nà náà ya, ó dùn mí gan-an.

Mo ti fi isopropanol (irú ọtí ìfọ-nǹkan kan) fọ móòdù, mo sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, mo tún yan PDMS pẹ́ sí i (iná lọ láàárín, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi parí ẹ̀). Pàbó ló já sí. Mo kà á pé resin tí kò tíì le tán ló ń dí plátínọ́mù tó ń mú PDMS le lọ́wọ́. PDMS tó kù lọ́wọ́ mi kò ju gíráàmù 30 lọ, n kò fẹ́ fi ṣòfò.

Ìbéèrè mi rèé: kí ni mo lè fi kun móòdù yìí tí PDMS yóò fi gbẹ, tí kò sì ní ba etí ìlà 200 µm náà jẹ́?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.